Ajá Ìgboro àti Kámẹ́rà: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe tó dà bíi pé wọn ò bára tan: mò ń gba ajá tí kò lólówó là, mo sì ń ya fọ́tò ẹranko tí kò fẹ́ kí n rí òun. Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, ni mo bá kó ìdáhùn wọn jọ. Àwọn kan gùn, torí ọ̀rọ̀ wọn ò ṣeé gé kúrú. Àwọn kan ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún yín?

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń dìde. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò kì í ṣe ojú ajá, ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbẹ́ ló ń sọ fún mi bóyá aràn ṣì wà nínú rẹ̀, bóyá oúnjẹ àná bá a lára mu, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló kan oògùn: ìdajì hóró fún eléyìí, odidi fún tọ̀hún. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń gbé tirẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí màá fi yíjú, á wá tu ú sábẹ́ àga. Màá fọ ilẹ̀, màá pààrọ̀ omi, màá fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá.

Kí oòrùn tó yọ tán, mo ti wà níta pẹ̀lú kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá, kì í ta síni lójú, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ máa ń jẹun. Ọ̀sán jẹ́ ti dókítà ẹran, ti fóònù tó ń dún, ti aṣọ tí ajá fi sùn tí mo ní láti fọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá padà sọ́dọ̀ àwọn ajá tí mi ò tíì rí mú. Bí ẹ bá rò pé fọ́tò yíyà ló ń gba àkókò mi jù, rárá o. Ìfọṣọ ni.

Kí ló pa ajá àti ẹranko ìgbẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín?

Ìjókòó ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ajá nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀kan wà tó ń sùn lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ti pa tì, mo sì máa ń lọ jókòó sítòsí rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ tó bá rí mi. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mò ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, alángbá gun bàtà mi. Lọ́jọ́ kẹta sí i, ọ̀kẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó ń jẹ èso níwájú mi bíi pé òkúta ni mí. Mo yọ fóònù, mo yà á. Fọ́tò náà ò dára rárá, ìrù nìkan ló hàn. Ṣùgbọ́n ó yé mi lọ́jọ́ náà pé ohun tí ajá yẹn ń béèrè lọ́wọ́ mi, òun náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń béèrè: kí n jókòó, kí n má tẹjú mọ́ òun, kí n jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa pinnu bí a ṣe máa súnmọ́ra tó.

Mo rí ajá kan tó dá wà lójú títì. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á ti máa yún yín láti gbá a mú, àmọ́ bí ajá bá sá mọ́ yín lọ́wọ́, fọ́tò yẹn nìkan ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ lè hàn, ẹ sì kọ ibẹ̀ àti aago tí ẹ rí i sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wò ó dáadáa. Ṣé bẹ́líìtì wà lọ́rùn rẹ̀, tàbí àpá ibi tí bẹ́líìtì ti jẹ ẹ́ lọ́rùn? Ṣé ó ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, àbí ó ń sáré síwá sẹ́yìn? Ajá tó mọ àdúgbò sábà máa ń wòtún wòsì kó tó sọdá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù kì í rí ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ń rìn kiri ni kò lólówó.

Bó bá jẹ́ abo, ẹ wo ọmú rẹ̀. Bí ọmú bá wú tó ń fì, ó ní ọmọ níbì kan, bí ẹ bá sì gbé e lọ láìwá wọn, ebi ló máa pa wọ́n. Bó bá jẹ́ ọmọ ajá ni ẹ bá ní àwọn nìkan ńkọ́? Ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ máa wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán fún wákàtí díẹ̀, àfi bí wọ́n bá wà nínú ewu tàbí tí ara wọn ti tutù. Ìyá wọn lè ti wá oúnjẹ lọ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni kò jẹ́ kó lè bọ̀.

Bó bá ṣeé mú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kó fi ẹ̀rọ wo ọrùn àti èjìká rẹ̀. Ẹ̀rọ tín-ín-tín kan wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá, tó ń gbé nọ́ńbà oníhóró 15 pamọ́. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló mọ̀, inú àkọsílẹ̀ ni wọ́n ti máa wá orúkọ olówó ajá. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láìsọ fún wọn fi lè pàdánù ajá tí a ti bá a rí.

Ajá tó ń sá ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń mú un?

Mi kì í lé e. Bí a bá ní ká jọ sáré, ajá ló máa borí.

Ajá pupa kan wà tó gba ìrọ̀lẹ́ 11 lọ́wọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé mẹ́ta. Mo jókòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo ń wo ibòmíràn. Kò wá. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, ó jẹun níṣojú mi. Ní ìkeje, ó yán, ó lá imú, ó yíjú kúrò. Ẹni tí kò mọ̀ á ní oorun ló ń kùn ún. Bí ajá bá yán láìsí oorun, tó ń lá imú láìsí oúnjẹ, tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn, ara ló ń ni ín, àyè ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo sún sẹ́yìn. Sísún tí mo sún sẹ́yìn yẹn ló mú òun sún síwájú lọ́jọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ kọkànlá, ó fi imú tútù kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mi ò fọwọ́ pa á lórí. Lójú ajá tí wọ́n ti lù rí, ọwọ́ tó bá ti òkè wá, igi ló ń mú bọ̀. Abẹ́ àgbọ̀n ni mo ti bá a họ ara, títí tí okùn fi rọra wọ ọrùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún ta ko ohun kan tí gbogbo èèyàn gbà gbọ́: kì í ṣe gbogbo ìrù tó ń mì ni ìrù ayọ̀. Ìrù tó nà ṣánṣán sókè, tó ń gbọ̀n kíákíá, tí gbogbo ara tó kù le gbagidi, ajá tó fẹ́ bu èèyàn jẹ lè ní in. Èyí tó bá ń fa ìdí dání, tí ìbàdí ń jó tọ̀tún tòsì, ìyẹn ni ti ayọ̀.

Èyí tí kò bá ṣeé fọwọ́ mú, kéèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dé fúnra rẹ̀ la máa ń lò. A ó máa gbé oúnjẹ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó kan ọjọ́ tí a ó dẹ ẹ́. A kì í sì í dẹ ẹ́ ká lọ sùn o.

Ẹ̀rù dìgbòlugi kì í bà yín?

Ó ń bà mí, ó sì yẹ kó ba ẹ̀yin náà. Bí àmì rẹ̀ bá ti lè hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, ó sì tó 99 nínú 100 wọn tó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n.

Inú itọ́ ni kòkòrò rẹ̀ wà. Láti ojú ọgbẹ́, á máa tọ iṣan lọ sínú ọpọlọ. Ìrìn àjò yẹn sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó sì lè tó ọdún kan. Àsìkò yẹn nìkan la ní láti fi gba ara wa là. Bí ajá bá bù yín jẹ, tàbí tó fi èékánná ya yín lára, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 máa ń gùn nídìí ẹ̀rọ omi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣáájú, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ yìí ló sì yẹ kó gbà á, àmọ́ ìyẹn ò ní kí n má gba òmíràn bí wọ́n bá bù mí jẹ. Ó kàn ń dín iye rẹ̀ kù ni. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ló kọ́kọ́ fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ náà tó yè, ọmọ ọdún 9 kan tó ń jẹ́ Joseph Meister, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885. Àwa tá a wà láyé lẹ́yìn rẹ̀ ò ní àwáwí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ní dìgbòlugi ló ń sínwín kiri. Òmíràn á kàn dákẹ́ ni. Àgbọ̀n rẹ̀ á já sílẹ̀, itọ́ á máa ṣàn, kò ní lè gbé nǹkan mì, àfi bíi pé eegun há a lọ́fun. Aláàánú á wá fi ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti yọ eegun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má ṣe é láéláé.

Bó bá jẹ́ pé ara ajá tó bu èèyàn jẹ dá ṣáṣá, wọ́n máa ń dè é mọ́lẹ̀ ṣọ́ fún ọjọ́ 10. Bí nǹkan kan ò bá ṣe é títí di ìgbà náà, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dúró kí ọjọ́ náà pé kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́ o.

Kí lẹ máa ń fún ajá tí ebi ti hàn léèmọ̀?

Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, bí dókítà ẹran bá ṣe là á sílẹ̀. Èyí máa ń dun àwọn èèyàn, torí bí egungun ìhà ajá bá ti hàn, àwo ńlá ni ọkàn wọn máa ń sún wọn láti gbé fún un. Ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ ti yí iṣẹ́ padà. Oúnjẹ ńlá lójijì á da àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rú, ọkàn lè dá dúró. Mo ti rí ajá tí ebi ò pa, tó jẹ́ àánú ló pa á.

Ẹ má fún un ní ṣokoléètì, àlùbọ́sà tàbí èso àjàrà gbígbẹ. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tèèyàn, bó ti wù kó kéré tó. Paracetamol àti ibuprofen ti pa ọ̀pọ̀ ajá.

Ṣé ilé yín lẹ máa ń kó gbogbo wọn wá?

Rárá, mo sì kọ́ ọ lọ́nà tó korò. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ ajá kan wálé tó ń ṣeré, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí mi ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Mo fi í sáàárín àwọn mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ẹ ò ní gbàgbé bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Parvo ni, àrùn tó ń ran láti ara ajá kan sí òmíràn, tó ń ba ìfun wọn jẹ́. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ló yè. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ ajá yẹn.

Ọdún 1978 ni kòkòrò parvo tàn káyé láàárín ajá, kò sì tíì lọ. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọṣẹ lásán ò ràn án. Bílíìṣì ń pa á, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ fọ ẹ̀gbin kúrò. Láti ìgbà náà, ajá tuntun tó bá wọlé, yàrá ọ̀tọ̀, àwo ọ̀tọ̀, bàtà ọ̀tọ̀ fún èmi pàápàá, ọ̀sẹ̀ méjì. Iye yàrá tí mo ní ló sì ń sọ iye ajá tí mo lè gbà. Bó bá ti kún, ó ti kún.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹ̀ wọ́n lọ́dàá? Ṣé kì í ṣe ìwà ìkà?

Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, ọ̀pọ̀ abo sì lè lóyún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ti sin ọmọ ajá mẹ́fà nínú mẹ́jọ kò ní bi mí ní ìbéèrè ìkà.

A máa ń tẹ akọ lọ́dàá, dókítà á yọ ilé ọmọ abo, wọ́n á gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a ó gé etí wọn díẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń sùn kí a lè dá wọn mọ̀. Èyí tí kò bá ṣeé mú wọlé, a ó dá a padà sí ibi tí a ti mú un. Àwọn kan máa ń bínú sí ìdápadà yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gbogbo ajá kúrò ládùúgbò kan tí ààtàn ṣì wà níbẹ̀, òmíràn ló máa wọlé, tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Bí ajá 70 nínú 100 bá ti gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi á ṣòro láti ràn kiri.

Ṣé àwọn ajá kì í pa ẹranko tí ẹ fẹ́ yà?

Wọ́n ń lé wọn, wọ́n sì ń pa wọ́n. Mi ò ní parọ́ torí pé mo fẹ́ràn ajá. Mi kì í sì í mú ajá dání tí mo bá ń lọ ya fọ́tò, bó ti wù kó gbọ́ràn tó. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti lé ẹranko.

Àmọ́ eyín ajá kọ́ ni ewu tó tóbi jù, àrùn rẹ̀ ni. Ní ọdún 1994, àrùn distemper, tí ajá sábà máa ń ní, jà ní ọgbà ẹranko Serengeti ní orílẹ̀-èdè Tanzania, nǹkan bí kìnnìún 1,000 ló kú, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Ajá ilé tó wà láwọn abúlé ìtòsí ni wọ́n tọ àrùn náà dé. Ní òkè Bale ní Etiópíà, dìgbòlugi láti ara ajá ti pa ìkookò ilẹ̀ náà léraléra, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì pọ̀ tó 500 mọ́ nínú igbó. Nítorí náà, nígbà tí mo bá mú ajá dání tí dókítà ń gún un lábẹ́rẹ́, iṣẹ́ kámẹ́rà náà ni mò ń ṣe.

Irú kámẹ́rà wo ni kí n rà?

Èyí tí ẹ ní. Fóònù tó fún labalábá àti lámilámi. Bó bá jẹ́ ẹyẹ lẹ fẹ́, lẹ́ǹsì tó gùn tó 400 mm á ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí, kó sì pa dé, láàárín 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ń fò, 1/2000.

Báwo lẹ ṣe ń sún mọ́ ẹranko ìgbẹ́?

Mi kì í sún mọ́ ọn. Mo máa ń wá ibi tó ń gbà kọjá, kí n dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí n jókòó. Mo máa ń rí i pé atẹ́gùn ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kó má gbọ́ òórùn mi. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí lẹ́ǹsì wà ní déédéé ojú rẹ̀. Ẹranko tí ẹ bá ya láti òkè máa ń dà bí ohun tó já bọ́ sílẹ̀.

Ẹyẹ àkókó kan kọ́ mi ní ohun tó kù. Ó ń bọ́ ọmọ nínú ihò igi, mo sì ti rò pé mo jìnnà tó. Ó gbé kòkòrò sẹ́nu dé, ó gbá igi mú, ó dúró. Ó lọ sẹ́yìn igi, ó yọjú, ó tún dúró. Mo ń yà á lọ, inú mi ń dùn pé ó dúró fún mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi: ẹyẹ tó gbé oúnjẹ sẹ́nu tí kò wọlé, èmi ni kò jẹ́ kó wọlé. Mo fi ìdí wọ́ sẹ́yìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kíá ló kó sínú ihò, igbe àwọn ọmọ sì sọ. Mo pa gbogbo fọ́tò tí mo ti yà ṣáájú rẹ́. Ọ̀kan tí mo fi sílẹ̀, ẹyẹ náà kéré nínú rẹ̀, igi ló gba gbogbo ojú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ló kọ sí mi, ó ti gbàgbé mi.

Ṣé ẹ máa ń fi oúnjẹ tàn wọ́n, tàbí kẹ́ ẹ fi ohùn ẹyẹ pè wọ́n?

Ajá nìkan ni mò ń fi oúnjẹ tàn. Ẹranko ìgbẹ́ tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ wà, ẹni tí kò ní kámẹ́rà ló máa lọ bá lọ́jọ́ kan. Mi kì í fi ohùn pe ẹyẹ nígbà tó bá ń tọ́ ọmọ, torí ọ̀tá ló máa rò pé ó dé.

Ẹ̀tàn wọ ibi gíga pàápàá. Nínú ìdíje fọ́tò ẹranko ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wildlife Photographer of the Year, wọ́n gba ẹ̀bùn padà lórí fọ́tò ìkookò tó ń fo géètì kọjá, èyí tó jáwé olúborí ní 2009, torí wọ́n gbà pé ìkookò tí wọ́n ti tọ́ ni. Ní 2018, wọ́n yọ òmíràn, ti ẹranko kan tó ń jẹ ikán, lẹ́bàá ọ̀gán tó ń tàn lóru. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní òkú ẹran tí wọ́n rọ nǹkan sí nínú ni, ẹni tó yà á sì ní irọ́ ni. Èmi fẹ́ràn ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ mi tí kò hàn dáadáa yẹn jù wọ́n lọ.

Kí ló dé tí ẹ kì í sọ ibi tí ẹ ti yà á?

Torí pé ọdẹ náà ní fóònù. Bí ẹ ò bá pa ètò tó ń sọ ibi tí ẹ wà, fóònù á máa kọ ọ́ sínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹ pa á nínú ètò kámẹ́rà. iNaturalist pàápàá, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń kọ ẹranko àti ewéko tí wọ́n rí sílẹ̀, máa ń fi ojúlówó ibi tí ẹranko tó fẹ́ tán nílẹ̀ wà pamọ́. Ìtẹ́ òwìwí, ihò tí ẹranko ń bímọ sí, mi kì í sọ fún ọ̀rẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè ya ajá kí ẹnìkan lè gbà á?

Ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ mú un kúrò lẹ́yìn irin kéèjì, ẹ jẹ́ kó kọjú sí fèrèsé tàbí ibòji tó mọ́lẹ̀. Ajá dúdú ló máa ń ṣòro jù: bí kámẹ́rà bá rí òkùnkùn tó pọ̀, á tan ìmọ́lẹ̀ jù, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun, bí ẹ bá dín in kù jù, ojú ajá á wọnú irun lọ. Ẹ wá ibi tí ẹ ti máa rí ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú ẹyinjú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbé etí, ẹ ṣe ohùn àrà kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́ẹ̀kẹta, á ti mọ̀ yín.

Kí ẹ sì kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ń lé ológbò, ẹ kọ ọ́. Ajá tí irọ́ gbé lọ máa ń padà wá, ẹ̀rù tó máa gbé bọ̀ á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tó kú ńkọ́?

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ wọ́n sí: ọjọ́, àwọ̀, ohun tó pa wọ́n. Mi kì í ya fọ́tò wọn.

Ajá pupa yẹn, níbo ló wà báyìí?

Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ èyí. Ẹni méjì ti wá gbà á, ó sì sá pamọ́ fún àwọn méjèèjì, ni mo bá yé pè wọ́n. Ó ṣì máa ń fò bí mo bá gbé ọwọ́ sókè lójijì láti mú nǹkan lórí pẹpẹ. Bó bá ti gbọ́ tí mo fa sípù àpò kámẹ́rà, á gbé etí kan, á wò mí, á rí i pé okùn rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi, á sì tún gbé orí lé ẹsẹ̀.